Wọlé, Jáde: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ọ̀nà Kọ̀ǹpútà ní Èdè Yorùbá

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1969, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Charley Kline jókòó sídìí ẹ̀rọ ní yunifásítì UCLA ní ìlú Los Angeles. Bill Duvall wà nídìí ẹ̀rọ mìíràn ní iléeṣẹ́ ìwádìí Stanford, àlàfo àárín wọn sì ju 500 kìlómítà lọ. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù bí iṣẹ́ ti ń lọ. Kline tẹ L, ó bi Duvall bóyá ó dé; Duvall ní ó dé. Ó tẹ O, ìyẹn náà dé. Bó ti tẹ G báyìí, ẹ̀rọ Stanford dákú. Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan kí wọ́n tó rí i tún ṣe. Bí lẹ́tà méjì péré, L àti O, ṣe di ohun àkọ́kọ́ tó rìn lórí ARPANET nìyẹn, ARPANET tó bí íntánẹ́ẹ̀tì òde òní. Ọ̀rọ̀ tí Kline ń tẹ̀ lọ́wọ́ ni "login".

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń lo fóònù tí kò bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Báńkì, íméèlì, Facebook, ìdánwò JAMB, ìwé ìrìnnà, gbogbo wọn ló ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ "log in" sí. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn ní láti gba ibẹ̀ kọjá kó tó mọ̀ bóyá owó oníbàárà rẹ̀ ti wọlé tàbí kò tíì wọlé. Ẹni tí kò bá lóye ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà yẹn á gbé fóònù rẹ̀ fún ẹlòmíràn pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́, owó rẹ̀ á sì di ohun tí ẹlòmíràn mọ àṣírí rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. A ní ohun tí a lè pè é, ohun náà sì dáa. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ibi tó ti máa ń ṣini lọ́nà, ó sì yẹ ká mọ̀ wọ́n.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti mú tiwọn wá. Ìtì igi ni "log". Láyé ọkọ̀ onígbòkun, àwọn atukọ̀ ojú omi máa ń so pákó kan mọ́ okùn gígùn, wọ́n á ta kókó sí okùn náà ní àlàfo tó dọ́gba, wọ́n á wá ju pákó sẹ́yìn ọkọ̀. Pákó á dúró sójú kan lórí omi, ọkọ̀ á máa lọ, okùn á máa tú. Ẹnìkan á fi ọwọ́ gba okùn náà, ẹnìkejì á dojú ìgò oníyanrìn dé, irú èyí tó ń dà tán láàárín bí ìdajì ìṣẹ́jú. Iye kókó tó bá gba ọwọ́ onítọ̀hún kọjá kí iyanrìn tó tán ni wọ́n fi ń mọ eré tí ọkọ̀ ń sá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kókó, "knot" ní Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ṣì fi ń ka eré ọkọ̀ ojú omi àti ti bàálù di bí a ti ń wí yìí. Wọ́n á wá kọ iye náà sínú ìwé. Kò pẹ́ tí ìwé náà fi jogún orúkọ pákó, tí kíkọ nǹkan sínú ìwé náà sì di "to log". Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní UCLA lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ yẹn. Ìlà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sínú rẹ̀ wà lára ẹ̀rí tí aráyé ní lónìí pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀.

Inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá bá "in" àti "out" ṣe pọ̀. Ní ọdún 1961, ní MIT, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àfihàn CTSS, ètò tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ń gba odindi yàrá, owó gọbọi sì ni, nítorí náà wọ́n pín àkókò fún oníkálukú. Ẹ̀rọ ní láti mọ ẹni tó dé, ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ, kó lè ka àkókò tó lò sí i lọ́rùn. Bí ènìyàn bá dé, á tẹ "login". Bó bá ń lọ, á tẹ "logout". Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún oníkálukú ní ọ̀rọ̀ aṣínà, "password" ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Allan Scherr, rí i pé àkókò tí wọ́n fún òun kò tó òun ṣe iṣẹ́ ìwádìí òun. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà jáde sórí bébà, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ fún un. Láti ayé ìgbà yẹn ni fífi orúkọ olórúkọ wọlé ti ń fa wàhálà.

Ìlò rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ní òfin tirẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ dáadáa ló sì ń ṣì í. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀tọ̀ ni "log", ọ̀tọ̀ ni "in". Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn di "login". Ohun tó ti kọjá, ara "log" ló ń hàn sí: "logged in", kì í ṣe ara "in". Àbọ̀ sì lè jókòó sáàárín àwọn méjèèjì: "log me in", "log him out". Èyí tó le jù ni pé ẹni tó mọ "log", tó sì mọ "in", kò tíì mọ "log in". Ìtumọ̀ kò sí nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, inú àpapọ̀ ló wà. Gẹ̀ẹ́sì kún fún irú rẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ti jìyà lórí "give up" àti "put off" nílé ẹ̀kọ́ títí tó fi sú wọn.

Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ gírámà wa ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. Bàjẹ́ jẹ́ ọ̀kan: ó ba iṣẹ́ náà jẹ́, ó bà á jẹ́. Túká jẹ́ òmíràn: ọlọ́pàá tú wọn ká. Ẹ wo gbàgbọ́. Gbà nìyí, gbọ́ nìyí, ṣùgbọ́n ẹni tó ní "mo gbà ọ́ gbọ́" kò sọ pé òun gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló sì ń rántí oúnjẹ bí wọ́n bá ní "ó tàn mí jẹ"? Àbọ̀ ń jókòó sáàárín, ìtumọ̀ ń fara pamọ́ sínú àpapọ̀, bíi ti "log me in" gẹ́lẹ́. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá gbọ́n á ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀, kó tó kó àwọn ọmọ lọ sínú "give up".

Àwọn ìwé ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ṣe fún wa kò dé ibi tí à ń sọ yìí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, àti ìkejì rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, ti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni wọ́n. Ìwé ọ̀rọ̀ aṣòfin tó jáde ní 1991 ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, ti ilé aṣòfin ni. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká ti GSM tó dé Nàìjíríà, ìgbà tó sì dé, kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn láti túmọ̀ ojú ìwé kan níhìn-ín, ojú ìwé kan lọ́hùn-ún, ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà, oníkálukú sì ń ṣe é bó ti yé e. Ohun mìíràn tún ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ ló pọ̀ jù nínú ìwé ọ̀rọ̀. A ti wá orúkọ fún kọ̀ǹpútà, a ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá, oríkì tó dùn gan-an. Ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀rọ náà ṣe ni a kò tíì jókòó tì tó.

"Lọ́gìn" ló wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ jù. "Mi ò rí i lọ́gìn." "Ó ti lọ́gáòtù mi." N kò kẹ́gàn rẹ̀, mọ́tò àti fóònù náà, àyálò ni wọ́n, wọ́n sì ti di tiwa. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ fetí sí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo ti báńkì lórí fóònù: "Màmi, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ lọ́gìn sí yẹn, kí ẹ lè wọlé." Ṣé ẹ rí i? Kò sí ẹni tó kọ́ ọmọ yìí ní ìtumọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fi là á yé ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá kiri.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé orírun ọ̀rọ̀ náà lè ní "kọ sílẹ̀" ló yẹ, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìwé ni "log". Èmi kò fara mọ́ ọn. Forúkọ sílẹ̀ ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ohun tí ènìyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan péré ni, ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Wíwọlé ni ti ojoojúmọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "sign up" àti "sign in" jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń tẹ ọ̀kan dípò èkejì. Ẹni tó ti ní àkáǹtì tẹ́lẹ̀ á tún lọ ṣí òmíràn, á wá máa wá owó rẹ̀ níbi tí kò sí. Forúkọ sílẹ̀ àti wọlé kò jọra rárá, kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣì wọ́n mú. Ó dà bí géètì àwọn àdúgbò tó ní ẹ̀ṣọ́: ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ẹni sínú ìwé àwọn olùgbé, ọ̀tọ̀ ni ìrọ̀lẹ́ tí ènìyàn kàn fẹ́ wọlé sùn. Ìwé "log" náà kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Inú ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, ibi tí àwọn alábòójútó ti ń wo ẹni tó wọlé àti ìgbà tó wọlé, à ń pe ìyẹn ní àkọsílẹ̀ ìwọlé. Ibẹ̀ ni orírun "log" ti rí ibùjókòó tirẹ̀.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn wọlé jù ni ìdílé tó ní. Fi á bá a rìn: ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín wọlé, ẹ fi ìka wọlé, ẹ fi ojú wọlé. Gbólóhùn mẹ́ta péré, a ti sọ púpọ̀ nínú ọ̀nà tí fóònù òde òní ń gbà dá ènìyàn mọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tuntun kan tí a dá. Mú náà á bá a rìn: ó mú mi wọlé tààrà láìbi mí ní nǹkan kan. Lé á bá jáde rìn: mo jókòó pẹ́, ó lé mi jáde. Tún, padà, ṣẹ̀ṣẹ̀, kọ̀, gbogbo wọn ló ń bá a lọ ní ìrọ̀rùn: ẹ wọlé padà, ó kọ̀ láti jẹ́ kí n wọlé. Lọ́gìn kò ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbọọrọ tí àwọn kan ń dá, irú bí "ìtẹ-ara-ẹni-wọ-orí-ẹ̀rọ", kò ní in pẹ̀lú.

Ibì kan wà tí lọ́gìn ti borí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ti rí. "Bá mi lọ́gìn" kò ní ìṣòro: wọ́n fẹ́ kí o ṣe é fún wọn. Ṣùgbọ́n "bá mi wọlé" á jẹ́ kí ènìyàn rò pé wọ́n ní kó tẹ̀ lé àwọn wọ inú ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo máa lò níbẹ̀ ni "bá mi ṣí i". Àkáǹtì ni à ń ṣí, ènìyàn ló ń wọlé. Bí a bá pa ìyẹn mọ́, kò ní sí ìdàrú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló wá kù, òun gan-an ló sì ṣòro jù. Gẹ̀ẹ́sì kọ "Log in" sí ojú bọ́tìnnì, kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì rí ẹnikẹ́ni fín. Bí a bá kọ "Wọlé" síbẹ̀, ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀? Ẹ̀rọ ọmọ ọdún mẹ́ta ni yóò máa pàṣẹ fún baba ẹni ọdún 70. Bí a bá kọ "Ẹ wọlé", ọ̀wọ̀ ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí onílé ṣe ń ké sí àlejò tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún ló rí, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣì fẹ́ bi í ní orúkọ. Àwọn kan á ní kí bọ́tìnnì máa sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́: "Mo fẹ́ wọlé." Ìyẹn dùn létí, ṣùgbọ́n bí gbogbo bọ́tìnnì bá ń sọ "mo fẹ́", ojú fóònù á kún. Ohun tí mo fara mọ́ ni ká sọ ọ́ di orúkọ lójú bọ́tìnnì, "Ìwọlé" àti "Ìjáde", bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Nínú gbólóhùn tó ń ṣàlàyé, ká wá fi ọ̀wọ̀ hàn dáadáa: ẹ tẹ Ìwọlé, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín síbẹ̀. Kò sí àgbàlagbà tó máa bínú sí èyí, ọmọdé kò sì ní rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré níbí. Wọlé ni kí ènìyàn wọ inú ilé. Wólé ni kí ó bi ilé wó. Wolé ni kí ó máa bójú tó ilé, ibẹ̀ la ti rí wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń yẹ ilé àti àyíká wò. Bí ẹni tó ń ṣe ojú ìwé bá yọ àmì kúrò nítorí pé lẹ́tà tó ń lò kò gbé e, "Wole" ló máa kù lójú fóònù, ó sì lè jẹ́ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé òǹkàwé á fi òye gbé e. Ṣùgbọ́n ibi tí owó ènìyàn wà kọ́ ló yẹ ká ti máa ní kí ó fi òye gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣiṣẹ́, kó wá lẹ́tà tó gbé ẹ àti ọ àti ṣ. Wọ́n wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì pọ̀.

Jáde ní ìṣòro tirẹ̀. Láyé tí kaféè íntánẹ́ẹ̀tì gbòde ní ìlú wa, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó òru mọ́júmọ́, ọ̀pọ̀ ló máa ń dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ láìjáde nínú íméèlì wọn. Wọ́n kàn pa ojú ìwé dé ni. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn wọn á bá lẹ́tà wọn ní ṣíṣí sílẹ̀. Lónìí tí fóònù kan ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú ìdílé, ohun kan náà ṣì ń ṣẹlẹ̀. Nínú Yorùbá, ẹni tó jáde lè fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, jáde nìkan kò sọ pé ó tì í. Nítorí náà, bí a bá ń kọ ìlànà fún àwọn ènìyàn wa, ó yẹ ká fi ìyàtọ̀ náà hàn gbangba: pípa ojú ìwé dé kì í ṣe ìjáde. Ẹ tẹ Ìjáde ná, kí ẹ tó pa á dé. Ìlà kan ni, ó sì lè dáàbò bo owó ènìyàn ju ìkìlọ̀ ojú ewé mẹ́ta lọ.

Bí ènìyàn bá ti fi ojú ìwé báńkì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìtẹ nǹkan kan, ẹ̀rọ á lé e jáde, á sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Atúmọ̀ tó bá ń gba Gẹ̀ẹ́sì mú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan á kọ ọ́ báyìí: "Àkókò yín ti tán." Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan tó ṣí fóònù rẹ̀ lálẹ́, tó bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde, kó tó rántí owó kankan. Bí wọ́n bá sì fi "Ẹ ti jáde" lé e, láàárín àwa tí à ń sọ nípa ẹni tó kú pé ó jáde láyé, wọ́n ti parí rẹ̀. Ohun tí mo máa kọ síbẹ̀ nìyí: "Ẹ ti pẹ́ díẹ̀ láìtẹ nǹkan kan, a sì ti ilẹ̀kùn kí ẹlòmíràn má bàa wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín wọlé padà." Ó gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ojú fóònù sì kéré. Kí àwọn tó ń ṣe ojú ìwé náà fi àyè ìlà díẹ̀ kún un.